Ta Ni Yóò Dúró fún Onídùúró?

Èdè Yorùbá mọ ìyàtọ̀ láàrin iye àti ipò: 'mẹ́ta' ń sọ iye, 'ẹ̀kẹta' ń sọ ipò. Níbi tí òǹkà bá ti lópin, ìyàtọ̀ náà kò fi bẹ́ẹ̀ hàn. Ní ọdún 1883, Georg Cantor, onímọ̀ ìṣirò ní Jámánì, fi hàn pé níbi tí òǹkà kò bá ti lópin, ọ̀nà wọn pínyà. Lẹ́yìn èkíní, èkejì, ẹ̀kẹta àti gbogbo èyí tó kù, ipò kan ṣì wà tí ó tẹ̀lé gbogbo wọn. Ó pè é ní omega. Bí a bá fi omega sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ ní ìgbà omega, tí a sì ń gbé e ga bẹ́ẹ̀ láìdáwọ́ dúró, a ó dé ipò tí à ń pè ní epsilon òdo. Síbẹ̀, iye àwọn ipò tó ṣáájú rẹ̀ kò ju iye nọ́ńbà tí à ń kà lójoojúmọ́ lọ. Ètò wọn ló yàtọ̀.

Kí ni ìwúlò rẹ̀? Ní 1931, Kurt Gödel fi hàn pé bí àwọn òfin ìṣirò kò bá tako ara wọn, wọn kò lè fi agbára tiwọn nìkan jẹ́rìí sí i. Ẹnìkan kì í ṣe onídùúró ara rẹ̀. Ní 1936, Gerhard Gentzen wá onídùúró fún wọn. Ó fún ẹ̀rí kọ̀ọ̀kan ní ipò tó relẹ̀ ju epsilon òdo lọ. Bí ẹ̀rí kan bá já sí ìtakora, a lè sọ ọ́ di òmíràn tí ipò rẹ̀ tún relẹ̀ sí i, títí láé. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè máa sọ̀ kalẹ̀ títí láé nínú ètò yìí: bó ti wù kí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ ga tó, yóò kanlẹ̀. Nítorí náà, ìtakora kò sí.

Àwọn kan lè ní asán ni, pé ohun ńlá ni a fi ń dúró fún kékeré. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní ti ètò ipò, irinṣẹ́ Gentzen ga ju òfin ìṣirò lọ. Ní ti ìyókù, ó kéré sí i púpọ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ akèrègbè. Kò di dandan kí onídùúró ju ẹni tó ń dúró fún lọ ní gbogbo ọ̀nà.

Ta wá ni yóò dúró fún epsilon òdo? Ipò tó ga jù ú lọ wà, òun náà yóò sì béèrè onídùúró tirẹ̀. Níbì kan, àfi kí a fi ojú inú wò ó, kí a sì gbà. Gbígbà bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àìmọ̀kan. Ẹni tó mọ ibi tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ fẹsẹ̀ lé, tí ó sì fi ibẹ̀ han ẹlòmíràn kí ó yẹ̀ ẹ́ wò, ti ṣe ojúṣe olóòótọ́.