Irin Tó Ti Rìn Jìnnà

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ní ìlú Munich ní Jámánì, Paul Rosche àti àwọn tí wọ́n jọ ń kọ́ ẹ́ńjìnnì fún BMW ń wá irin tí wọn yóò gbé lọ sí ìdíje Formula 1. Tuntun kò wọ́n wọn. Síbẹ̀, bùlọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì mọ́tò àlòkù ló wù wọ́n jù, èyí tó ti gbé ẹni tó ni ín lọ síbi iṣẹ́ àti sọ́jà títí ó fi rin nǹkan bí 100,000 kìlómítà.

Kí ló dé? Bí wọ́n bá da irin yíyọ́ sínú bátànì, ibi tó fẹ́lẹ́ á kọ́kọ́ gan, nígbà tí ibi tó nípọn ṣì ń gbóná. Nígbà tí èyí tó nípọn bá wá ń súnkì, yóò máa fa èkejì, èkejì kò sì ní gbà. Ìjà yẹn kì í tán níbẹ̀. Inú irin ló ń fara pamọ́ sí, títí dìgbà tí wọ́n bá gbẹ́ irin náà tàbí tí wọ́n di ẹrù ńlá lé e. Ìgbà náà ni yóò wọ́. Ṣùgbọ́n bùlọ́ọ̀kù tó ń gbóná láàárọ̀, tó ń tutù lálẹ́, fún ọdún mélòó kan, ìjà inú rẹ̀ á ti rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì kékeré ni o. Nínú mọ́tò BMW 1500 tó jáde ní 1962, agbára ẹṣin 80 péré ló ní. Rosche pààrọ̀ àwọn písítìnì, ó gbé orí tuntun tó ní fáàfù 16 lé e, ó sì fi tọ́bò sí i: èéfín tó ń jáde látinú ẹ́ńjìnnì náà ló ń yí fáànù rẹ̀, fáànù náà á sì máa rọ́ afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì tipátipá. Awakọ̀ Nelson Piquet fi í borí ní Kánádà ní 1982. Ní 1983 ó di awakọ̀ àkọ́kọ́ tó fi ẹ́ńjìnnì tọ́bò gba adé àgbáyé. Nígbà tó fi di 1986, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn agbára rẹ̀ kò lè kà kọjá agbára ẹṣin 1,280, ẹ́ńjìnnì náà sì kọjá ibẹ̀.

Níbo ni irú agbára bẹ́ẹ̀ ti wá? Ṣé ọwọ́ ẹni tó mọ ọ́n ni, àbí ojú ọ̀nà? Ìbéèrè yìí ti wà lẹ́nu àwọn babaláwo kí ẹnikẹ́ni tó mọ mọ́tò. Ìtàn Ifá sọ nípa ọ̀rẹ́ mẹ́ta tó lọ yan orí nílé Àjàlá, amọ̀kòkò tó ń mọ orí. Oríṣèékú, ọmọ Ògún fúnra rẹ̀, àti Oríléèmẹ́rẹ̀ yan èyí tó wù wọ́n lójú. Òjò pa wọ́n lọ́nà ayé, orí wọn sì ń bó. Afùwàpẹ́, ọmọ Ọ̀rúnmìlà, bá Àjàlá san gbèsè ọrùn rẹ̀, Àjàlá sì bá a yan tirẹ̀. Ó fi ọ̀pá irin lu orí náà kó tó gbé e lé e lọ́wọ́. Òjò pa òun náà. Orí rẹ̀ kò yẹ̀. Òjò kan náà ni; orí ló yàtọ̀.

Ó yẹ kí èyí dá àwọn tó ń wàásù pé ìyà ló ń sọ ènìyàn di akin lẹ́kun. Bùlọ́ọ̀kù tó là lójú ọ̀nà kò dé ọ̀dọ̀ Rosche. Àkìtàn ni wọ́n gbé e jù sí, kò sì sẹ́ni tó sọ ìtàn rẹ̀. Èyí tó dé ibẹ̀ nìkan la rí, la wá ń sọ pé ọ̀nà ló fún un lágbára. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe ń sọ fún opó tí kò tíì bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀ pé iná ni Ọlọ́run fi ń dán an wò, kó lè mọ́ bíi wúrà. Ọ̀rọ̀ ìkà ni, kò sì rí bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó ń da irin mọ ọ̀nà mìíràn tí wọ́n fi ń tú ìjà inú rẹ̀. Wọn a ti irin tuntun bọ ààrò tí ooru rẹ̀ tó nǹkan bí 550 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, wọn a fi í sílẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, wọn a wá jẹ́ kó tutù níbẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ohun tí ọ̀nà fi ọdún ṣe, ààrò fi wákàtí ṣe é, láìsí kòtò, láìsí gbágungbàgun. Ooru tó mọ níwọ̀n ni irin ń fẹ́, àti ìsinmi tí kò sí ìkánjú nínú rẹ̀. Alẹ́ tí mọ́tò náà fi sùn ní gáréèjì ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ bí ọ̀sán tó fi sáré.

Formula 1 kò fún un ní irú alẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Láyé ìgbà yẹn, lọ́jọ́ Sátidé, nígbà tí wọ́n bá ń du ipò iwájú, wọ́n máa ń tú tọ́bò sílẹ̀ pátápátá. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n kọ́ fún ọjọ́ náà, ìgbà mélòó kan péré ló lè yí pápá ká kó tó parí. Torí pé ó lè gbé ẹrù náà ni wọ́n ṣe dì í lé e. Tó bá di alẹ́, àwọn mẹkáníìkì á tú u kúrò, wọ́n á gbé òmíràn wọlé fún ìdíje ọjọ́ Àìkú, èyí tí wọ́n dín afẹ́fẹ́ rẹ̀ kù kó lè sá dé òpin.