Alárù Kọ́ Ni Àrólé

Lárààárọ̀, kí n tó jẹun, ìyá àgbà á pè mí ní ọmọ Ìyẹ̀rú Ọkín, orí mi á sì wú. Ọ̀fà la wà, nílé wa. Kò sẹ́ni tó bi mí bóyá mo fẹ́ jẹ́ ọmọ ọkín. Wọ́n ṣáà bí mi, orúkọ ti wà nílẹ̀.

Nígbà tí mo gba ìwé ìrìnnà mi àkọ́kọ́, ẹyẹ mìíràn ni mo bá lára rẹ̀: idì, lórí àmì ìdánimọ̀ Nàìjíríà. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹṣin funfun méjì ló di asà dúdú mú lọ́tùn-ún lósì. Ìlà funfun tó wà láàárín asà náà ni Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé, bí wọ́n ṣe pàdé ní Lọ́kọ́ja. Ní 1960 tí a gba òmìnira, abẹ́ Àríwá ni Ọ̀fà wà nínú ìwé ìjọba. Nílé, Yorùbá ni wá. Ta ló bi wá?

Ìbéèrè tó ń jẹ mí lọ́kàn nìyí: ṣé àmì tí èèyàn ò yàn fúnra rẹ̀ lè dè é?

Bàbá mi ní ilà lẹ́rẹ̀kẹ́. Èmi ò ní. Mo bi wọ́n nídìí rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Wọ́n ní, "Mo gba tèmi, mi ò bínú sí àwọn tó kọ ọ́. Ṣùgbọ́n abẹ ọ̀hún, ọ̀dọ̀ mi ló parí sí." Lẹ́yìn náà, ní 2003, òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ìjọba àpapọ̀ sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe kọlà fọ́mọ mọ́. Bàbá mi ò dúró de òfin.

Àwọn kan á ní, tí kálukú bá ń gé ohun tí kò wù ú, kí ló máa ṣẹ́ kù? Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: abẹ ni bàbá mi gbé jù sílẹ̀, wọn ò gbé oríkì jù sílẹ̀. Wọ́n mọ èyí tó ń dun ọmọ, wọ́n mọ èyí tó ń gbé ọmọ ró.

Orílẹ̀-èdè náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ìṣọ̀kan àti Ìgbàgbọ́ nìkan ni wọ́n kọ sábẹ́ asà yẹn tẹ́lẹ̀. Nígbà tó di 1978, lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé ti jà láti 1967 sí 1970, wọ́n fi Àlàáfíà àti Ìlọsíwájú kún un. Wọn ò pa ti àkọ́kọ́ rẹ́. Èmi rò pé ẹni tó ti rí ogun mọ̀ pé ìṣọ̀kan láìsí àlàáfíà kò tó.

Nítorí náà, bẹ́ẹ̀ ni, àmì tí a ò yàn lè dè wá. Ṣùgbọ́n ẹni tó kàn ń ru ẹrù, tí kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, alárù ni. Àrólé ló lè tú u wò, kó yọ èyí tó ti jẹrà, kó fi tirẹ̀ sí i. Ẹni tí kò sì mọ oríkì rẹ̀ rárá, kí ló fẹ́ yọ níbẹ̀?

Nísinsìnyí, èmi ni mò ń fi oríkì jí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní, "Ẹyẹ wo tiẹ̀ ni ọkín?" Mo jókòó, mo sọ ìwọ̀nba tí mo mọ̀ fún un. Tó bá dàgbà, á mọ èyí tó máa fi kún un.