Ṣé Ìfẹ́ Orin Ń San Gbèsè Olórin?

Ìbéèrè kan wà tí ó dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n bí a bá tú u wò, a ó rí i pé ó wúwo. Bí ènìyàn bá mú ohun tí ẹlòmíràn fi òógùn rẹ̀ ṣe, tí kò tà á, tí kò jẹ èrè kọ́bọ̀ lórí rẹ̀, tí ó jẹ́ pé ìfẹ́ ni ó fi pín in fún aráyé, ǹjẹ́ ó jẹ oníṣẹ́ náà ní gbèsè? Lára àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn lóde òní ni àwọn tí ń ṣe ètò rédíò kékeré lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ mìíràn ni wọ́n fi ń jẹun. Bí ọwọ́ wọn bá dilẹ̀, wọn a jókòó sínú yàrá wọn, wọn a sì máa fi orin tí wọ́n fẹ́ràn síta fún ogún tàbí ọgbọ̀n olùgbọ́.

Àwọn kan nínú wọn a máa sọ pé, "Kí ni a jẹ? Ṣebí ìpolówó ọ̀fẹ́ ni a ń ṣe fún olórin." Àwa kò fara mọ́ èyí. Ẹni tí ó bá wọ oko olóko, tí ó ya àgbàdo ibẹ̀, tí ó sì fi ṣe sàráà, inú àwọn tí ebi ń pa lè dùn, ṣùgbọ́n olóko ni ó ṣe sàráà náà, kì í ṣe òun. Bí ìpolówó bá tó owó iṣẹ́, ẹnu ẹni tí ó ni iṣẹ́ ni ó yẹ kí a ti gbọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo apá kejì. Ní Amẹ́ríkà, rédíò tí ó ń lo òpó gíga ń sanwó fún ẹni tí ó kọ orin, ṣùgbọ́n òfin kò ní kí ó san kọ́bọ̀ fún ẹni tí ohùn rẹ̀ wà nínú àwo. Rédíò orí íntánẹ́ẹ̀tì ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ sanwó fún àwọn méjèèjì. SoundExchange ni ó ń gba èyí tí ó jẹ́ ti àwo. Lẹ́yìn tí ó bá yọ owó ìnáwó rẹ̀, nínú 100 dọ́là, 50 jẹ́ ti ẹni tí ó ni àwo, 45 jẹ́ ti olórin, 5 sì jẹ́ ti àwọn onílù àti elégbè. Nítorí náà, owó yìí ń dé ọwọ́ ẹni tí ó ṣiṣẹ́.

Ní 2002, wọ́n ṣe òfin kan tí ó jẹ́ kí àwọn rédíò kékeré lè san apá kan nínú owó tí ó wọlé fún wọn tàbí èyí tí wọ́n ná. Irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ parí ní òpin 2015. Láti 2016, iye orin àti iye olùgbọ́ ni wọ́n ń kà: ní 2016, 0.0017 dọ́là ni fún orin kan létí ẹnì kan. Ó dà bí ohun tí kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n bí 100 ènìyàn bá ń gbọ́ orin 15 ní wákàtí kan, tọ̀sán tòru, yóò lé ní 22,000 dọ́là ní ọdún kan. Live365, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú àwọn rédíò bẹ́ẹ̀ fi ṣe ilé, ti ìlẹ̀kùn ní oṣù kìíní 2016. Ó di 2017 kí ó tó padà.

Ẹ wá wo ẹni tí ó kéré jù. Bí ó bá ń ṣe wákàtí mẹ́rin lọ́sẹ̀ fún ogún olùgbọ́, iye tí orin rẹ̀ jẹ́ lọ́dún ní 2016 kò ju nǹkan bí 106 dọ́là lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá fúnra rẹ̀ gba ìwé àṣẹ, 500 dọ́là ni owó tí ó kéré jù tí òfin ní kí ó san nígbà náà. Ní 2021, ó di 1,000.

Àwọn àgbà ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Gbèsè wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n tí ó sọ 106 di 500 kò wọn ohun tí a mú mọ́. Ìpalára rẹ̀ kò sì mọ sọ́dọ̀ onírédíò. Nígbà tí rédíò kékeré bá kú, olórin tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá kò kà sí kò rí owó gbà, kò sì rí ẹni tí yóò gbọ́ ohùn rẹ̀. Àwọn aṣòfin tí wọ́n fẹ́ gbe olórin gbọ́dọ̀ ro èyí.

Síbẹ̀, àṣejù òfin kò sọ ohun olóhun di tiwa. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká ìwé àṣẹ lè wọ abẹ́ ilé-iṣẹ́ tí ń kó àwọn kékeré jọ láti sanwó. Ó lè lo orin tí àwọn tí ó ni ín ti yọ̀ǹda fún gbogbo ènìyàn. Ó sì lè kọ̀wé sí olórin àti ẹni tí ó ni àwo, kí ó tọrọ àṣẹ. Bí wọ́n bá kọ̀, kí ó fi orin náà sílẹ̀. Ìfẹ́ tí a ní sí orin kò gbọdọ̀ mú kí á gbàgbé pé ẹnì kan jí ní òru láti ṣe é, àti pé òun náà ní ilé tí ó ń bọ́.