Kí N Tó Kọ́ Ọ Ní Ìṣirò Ẹṣin

Ọmọ àbúrò mi obìnrin ni Túndé. Oṣù mẹ́jọ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ lò ní New York, ọ̀dọ̀ mi ní Queens ló sì ń gbé. Lówùúrọ̀ Sátidé kan, ó gbé ìwé ìròyìn Daily Racing Form wá sórí tábìlì tí mo ti ń jẹ ẹ̀kọ, ó fi bírò pupa lé e lórí. Ó ti gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀ pé ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi lọ sí pápá eré ẹṣin Aqueduct. Kò sẹ́ni tó sọ ìdí tí mo fi ṣíwọ́ fún un, nítorí mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí.

TÚNDÉ: Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kà á. Ọjọ́ mẹ́ta rèé tí mo ti ń wò ó, nọ́ńbà ló kàn ń rìn níbẹ̀ bí èèrà.

ÈMI: Kí lo fẹ́ fi ṣe?

TÚNDÉ: Mi ò fẹ́ ṣe bí àwọn tó ń fi ọjọ́ ìbí ọmọ mú ẹṣin. Wọ́n ní ọ̀nà wà tí èèyàn ń gbà ṣírò rẹ̀. Bí mo bá fi ọpọlọ rí owó níbẹ̀, ṣé ẹ máa pe ìyẹn ní tẹ́tẹ́?

ÈMI: Ìbéèrè tó yẹ ká bára wa sọ gan-an nìyẹn. Ṣùgbọ́n jókòó ná, kí o fojú rí ohun tí à ń sọ. Ẹṣin kan sá ọ̀nà tó gùn tó furlong mẹ́fà lọ́jọ́ Wẹ́sidé, ó lo ìṣẹ́jú kan àti àáyá 10. Òmíràn sá furlong mẹ́fà ní pápá kan náà ní Sátidé, ó lo ìṣẹ́jú kan àti àáyá 11. Èwo ló yára jù?

TÚNDÉ: Ti Wẹ́sidé.

ÈMI: Ohun tí gbogbo àlejò ń sọ nìyẹn. Wo àwọn eré yòókù tí wọ́n sá ní Wẹ́sidé yẹn. Ẹṣin olówó pọ́ọ́kú, ẹṣin tí kò borí rí láyé rẹ̀, gbogbo wọn ló fi nǹkan bí àáyá méjì yára ju bí irú wọn ṣe ń sá lọ. Ṣé gbogbo wọn ló di akọni lọ́jọ́ kan ṣoṣo ni? Ilẹ̀ ni. Òjò rọ̀, wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ iyanrìn, ó le, ẹsẹ̀ ò rì. Ní Sátidé, ilẹ̀ wà bó ṣe máa ń wà. Fi àáyá méjì yẹn padà sórí ti Wẹ́sidé.

TÚNDÉ: Ó di 12. Ti Sátidé ló yára jù! Aago ló ń purọ́ nígbà náà.

ÈMI: Aago ò purọ́. Ilẹ̀ ló yí padà, ìwọ ò sì béèrè. Àáyá kan tí o rí yẹn, ó tó ẹṣin márùn-ún tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn. Iṣẹ́ tí Andrew Beyer ṣe nìyẹn. Akọ̀ròyìn eré ẹṣin ni tẹ́lẹ̀ ní Washington Post. Ó ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé rẹ̀, Picking Winners, lọ́dún 1975. Láti 1992 ni wọ́n ti ń tẹ nọ́ńbà rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn tó wà níwájú rẹ yìí. Èyí tí yíǹkì rẹ̀ dúdú jù láàárín ìlà nì, òun ni.

Ó fi bírò pupa yí i po. Mo rí i pé ojú rẹ̀ ti là, inú mi sì dùn, kí n má parọ́. Ó dùn mọ́ni láti rí ọmọdé tí òye nǹkan wọ̀ lórí.

TÚNDÉ: Tí mo bá ti mọ èyí, ẹṣin tí nọ́ńbà rẹ̀ ga jù ni kí n máa mú.

ÈMI: Bóyá. Ṣùgbọ́n mọ ẹni tí ò ń bá ta tẹ́tẹ́ ná. Lọ́dún 1867, ní Paris, Joseph Oller dá ètò kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní pari-mutuel. Òun náà ni wọ́n ń lò ní pápá ìhín. Gbogbo owó tí èèyàn bá fi ta irú tẹ́tẹ́ kan náà lórí eré kan, inú àpò kan ló ń lọ. Àwọn tó ni pápá àti ìjọba á kọ́kọ́ yọ tiwọn. Ní New York níbí, nǹkan bíi dọ́là 16 nínú 100 ni, tó bá jẹ́ ẹṣin tó máa borí nìkan lo mú. Tí o bá fẹ́ mú mẹ́ta ní títò wọn, ó ju 20 lọ. Èyí tó kù ni àwọn tó jàre máa pín.

TÚNDÉ: Owó ta ni wọ́n ń pín?

ÈMI: O ò rí i! Owó àwọn tó kù ni. Àwọn tó ni pápá kì í sábà pàdánù kọ́bọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í sì ṣe òmùgọ̀: ẹṣin tí owó pọ̀ lórí rẹ̀ jù ń borí ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan nínú eré mẹ́ta. Kì í ṣe ẹṣin tó dára jù lò ń wá nígbà náà, ibi tí àwọn èèyàn ti ṣì í lò ń wá. Bí ẹṣin kan bá lè borí lẹ́ẹ̀kan nínú eré mẹ́rin, kí dọ́là kan mú mẹ́ta wá ló tọ́. Bí ó bá ń mú márùn-ún wá, mú un. Bí ó bá jẹ́ méjì, fi sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ òun ló dára jù. Ìmọ̀ rẹ ò tó láti jèrè. Àfi kí ẹlòmíràn má mọ̀.

TÚNDÉ: Bàbá, ṣé bí ọjà náà ṣe rí kọ́ nìyẹn? Màmá mi ń ta aṣọ ní ọjà Gbági. Tó bá mọ̀ pé lésì máa wọ́n lóṣù tó ń bọ̀, ó máa rà á pamọ́. Kì í pe àwọn oníbàárà jọ kó sọ fún wọn.

ÈMI: Ẹni tó ra lésì lọ́wọ́ ìyá ẹ, ó wọ lésì lọ sóde. Kí ni ẹni tó pàdánù fún ọ wọ̀?

TÚNDÉ: Ó ra ìgbádùn. Ó pariwo, ó fò sókè, ó rí ẹṣin sá. Àgbàlagbà ni, kò sẹ́ni tó fi ipá gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fi dọ́là mẹ́wàá ṣeré lọ́jọ́ ìsinmi, kí ló burú níbẹ̀?

ÈMI: Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, òótọ́ lo sọ, mi ò ní bá ọ jiyàn. Ṣùgbọ́n ṣé o ti dé pápá yẹn ní January, lọ́jọ́ Tọ́sìdé, tí afẹ́fẹ́ ń gé etí? Ẹni tó wá ṣeré ọjọ́ ìsinmi ò sí níbẹ̀. Ọkùnrin kan wà tí a jọ máa ń dúró nídìí ẹ̀rọ tó ń móoru. Awakọ̀ takisí ni. Tó bá ra tíkẹ́ẹ̀tì tán, á ká a sí mẹ́rin, á fi há inú fìlà rẹ̀. Bírò mi ló máa ń yá. Lọ́jọ́ kan, ó ku bí ìṣẹ́jú márùn-ún, ó bi mí pé, "Ọ̀gá, èwo lẹ mú?"

TÚNDÉ: Ẹ sì sọ fún un?

ÈMI: Mo ti ṣírò eré yẹn láti òru. Mo mọ̀ pé ẹṣin tí gbogbo wọn ń lé, ilẹ̀ ló ràn án lọ́wọ́ nígbà tó sá kẹ́yìn. Mo mọ èyí tó dára. Mo sọ fún un pé mi ò tíì mú. Ó sì gba ojú fèrèsé lọ, ó kó owó lé ẹṣin tí mo mọ̀ pé kò dára. Tèmi borí. Mo ń ka owó lọ́wọ́, ó bọ́ fìlà, ó yọ tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó tú u ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, ó tún un kà bí ẹni pé nǹkan máa yí padà lára rẹ̀. Ó ní owó ilé ni.

TÚNDÉ: Ẹ ò mọ̀ pé owó ilé ni tẹ́lẹ̀.

ÈMI: Mi ò mọ̀. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn kọ́ nìyẹn. Nígbà tó yípo lọ síbi fèrèsé, kó tó di pé eré bẹ̀rẹ̀, inú mi dùn pé kò mọ̀. Mi ò kórìíra ọkùnrin yẹn o, mo fẹ́ràn rẹ̀. Síbẹ̀ inú mi dùn. Ibi tí ọgbọ́n mi gbé mi dé nìyẹn, Túndé, mi ò sì padà lọ mọ́.

Ó dákẹ́. Mo rò pé ọ̀rọ̀ tán. Ọmọ yìí kì í tètè juwọ́ sílẹ̀, ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn.

TÚNDÉ: Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ̀bi ìṣirò kọ́, ẹ̀bi dídákẹ́ yín ni. Ẹ bá sọ fún un.

ÈMI: Bí mo bá sọ fún un, tó sọ fún ìkejì, tí gbogbo wa mú ẹṣin kan, ohun tí dọ́là kan máa mú wá á wálẹ̀, èrè á tán. Bó ṣe rí fún Beyer gan-an nìyẹn: nígbà tí nọ́ńbà náà dé inú ìwé ìròyìn, tí ẹnikẹ́ni lè rí i rà, ẹṣin tí nọ́ńbà rẹ̀ ga kò sanwó bíi ti àtijọ́ mọ́. Ní báyìí, àwọn olówó ńlá tún ń fi kọ̀ǹpútà rọ owó sínú àpò náà.

TÚNDÉ: Oníṣègùn náà ń fi ewé rẹ̀ pamọ́.

ÈMI: Ó ń fi ewé pamọ́, ṣùgbọ́n ara aláìsàn ń yá. Tèmi, àìsàn ẹni yẹn ni mo fi ń jẹun.

TÚNDÉ: Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí mo kà. Eré ẹṣin Kentucky Derby àkọ́kọ́, 1875: nínú àwọn 15 tó gun ẹṣin, 13 ló jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Oliver Lewis ló borí, lórí Aristides. Ansel Williamson tó tọ́ ẹṣin náà, ẹrú ni wọ́n bí i. Nígbà tí Lewis fi gígun ẹṣin sílẹ̀, àkọsílẹ̀ eré ló ń ṣe fún àwọn tó ń gba owó tẹ́tẹ́. Ìmọ̀ yìí, àwọn èèyàn wa wà nídìí rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó lé wọn kúrò. Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. Ṣé kí n jẹ́ kó parẹ́ lọ́dọ̀ mi ni?

Mo gbé ife tíì mi sílẹ̀. Ìyẹn dé ibi tí mi ò rò.

ÈMI: Rárá. Kò yẹ kó parẹ́. Ṣùgbọ́n bí o bá ń kà á, ka gbogbo rẹ̀. Ní Derby 2008, abo ẹṣin kan tó ń jẹ́ Eight Belles ṣe ipò kejì láàárín àwọn akọ. Ó ti kọjá ìlà ìparí kí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tiwájú tó kán. Orí pápá níbẹ̀ ni wọ́n ti gún un lábẹ́rẹ́ tó pa á, èrò ṣì ń pariwo ẹni tó borí. Wọ́n kọ ipò kejì síwájú orúkọ rẹ̀. Ìlà yẹn mọ́ tónítóní lórí ìwé.

TÚNDÉ: Ẹ kọ́ mi síbẹ̀síbẹ̀.

ÈMI: Màá kọ́ ọ. Ọgọ́rùn-ún eré, orí ìwé nìkan. Kọ ohun tó o rò sílẹ̀ kí wọ́n tó sá, má pa á rẹ́ tó bá jẹ́ irọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá sì bi ọ́ léèrè lọ́jọ́ tó o bá dé ibẹ̀, ṣí ìwé rẹ fún un.

TÚNDÉ: Tí mo bá ń ṣí i fún gbogbo èèyàn, kí ló kù tí mo fẹ́ jẹ lérè?

ÈMI: Mi ò mọ̀.

TÚNDÉ: Màá ṣe ọgọ́rùn-ún náà. Ṣùgbọ́n mi ò ṣèlérí pé mi ò ní fi dọ́là méjì dán an wò lẹ́yìn rẹ̀.

ÈMI: Mi ò ní kó o ṣèlérí.

Mo lọ sí yàrá, mo fa báàgì kan jáde lábẹ́ ibùsùn, mo mú ìwé àkọsílẹ̀ mi tó ti gbó wá. Ó yí àga rẹ̀ sọ́dọ̀ mi. Mo ṣí ojú ewé kìíní, mo sì ní kó lọ wo fèrèsé, kó sọ fún mi bóyá òjò rọ̀ lóru.