Agbára Ọ̀gágun àti Òtítọ́ Ẹnu Atayò

Kò sí ibi tí ìdíje ti ń wáyé tí ìbéèrè kan kì í yọjú: ta ni ó lágbára jù? Nídìí ọpọ́n ayò, àwọn Yorùbá ti dáhùn ìbéèrè náà láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ẹni tí ó mọ ayò ta ni wọ́n ń pè ní ọ̀ta. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta ni ọ̀pẹ̀. Orúkọ méjèèjì yìí kì í ṣe oyè tí ẹnì kan fi jẹ ara rẹ̀. Ojú ọpọ́n ni wọ́n ti ń gbà á, níṣojú àwọn òǹwòran tí ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu wọn. Ọmọ ayò 48 ni ó wà nínú ihò 12. Bí ọ̀ta ṣe ní 24 ni ọ̀pẹ̀ náà ní 24. Nítorí náà, bí ọ̀kan bá pa èkejì láyò, kò sí ẹni tí yóò sọ pé ọmọ ayò rẹ̀ ni ó dára ju ti ẹnì kejì lọ. Ara ènìyàn ni agbára náà wà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ rí nínú ayò ṣẹ́ẹ̀sì. Arpad Elo, onímọ̀ físíìsì kan tí wọ́n bí ní ilẹ̀ Hungary tí ó sì fi Amẹ́ríkà ṣe ilé, ṣe òṣùwọ̀n kan tí a fi ń fún olúkúlùkù atayò ní nọ́ńbà tirẹ̀. Àjọ ṣẹ́ẹ̀sì àgbáyé, FIDE, tẹ́wọ́ gba òṣùwọ̀n náà ní ọdún 1970. Ẹni tí ó bá borí alágbára, nọ́ńbà rẹ̀ yóò gòkè púpọ̀. Ẹni tí ó bá borí aláìlágbára, díẹ̀ ni yóò fi gòkè. Bí nọ́ńbà ẹnì kan bá fi 200 ju ti ẹnì kejì lọ, a ń retí pé nínú máàkì 100 tí wọ́n bá jọ díje fún, ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ ga yóò gba nǹkan bí 76. Òṣùwọ̀n yìí ṣeé gbára lé nítorí pé ohun ìjà àwọn méjèèjì dọ́gba, yàtọ̀ sí pé ọ̀kan ni yóò kọ́kọ́ ta.

Ṣùgbọ́n ayò kan wà tí ohun ìjà inú rẹ̀ kò dọ́gba, tí ó sì jẹ́ pé àìdọ́gba náà gan-an ni adùn rẹ̀. Ní ọdún 1993, ilé-iṣẹ́ Wizards of the Coast ní Amẹ́ríkà gbé ayò káàdì kan jáde, èyí tí Richard Garfield, onímọ̀ ìṣirò, dá sílẹ̀. Magic: The Gathering ni orúkọ rẹ̀. Kò rí bíi Wọ́ọ̀tù, tí páálí káàdì kan ṣoṣo tó fún gbogbo àwọn tí ó jókòó. Nínú ayò yìí, olúkúlùkù ni ó ń ra káàdì tirẹ̀, tí ó ń fi èyí tí ó ní ṣe pàṣípààrọ̀ fún èyí tí ó wù ú, tí ó sì ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣa àwọn tí yóò kó wá sójú ìjà. Ẹ̀yà kan wà nínú ayò náà tí wọ́n ń pè ní Commander, ìtumọ̀ èyí tí í ṣe Ọ̀gágun. Ìpínlẹ̀ Alaska ni ó ti bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1990. Sheldon Menery, adájọ́ ìdíje tí ó di olóògbé ní ọdún 2023, wà lára àwọn tí ó sapá jù lọ láti tàn án kálẹ̀. Ní ọdún 2011 ni ilé-iṣẹ́ náà kọ́kọ́ ta ìdì káàdì tí a dìídì ṣe fún un.

Ènìyàn mẹ́rin ni ó sábà máa ń jókòó yí tábìlì ká. Káàdì 100 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń kó wá: ọ̀kan ni ọ̀gágun, 99 yòókù ni ọmọ ogun rẹ̀. Bí a bá yọ àwọn káàdì ilẹ̀ tí ó jẹ́ ìpìlẹ̀ kúrò, káàdì kan kò gbọdọ̀ fara hàn lẹ́ẹ̀mejì nínú ìdì kan náà. Ẹ̀mí 40 ni olúkúlùkù fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ bá tán ti bọ́ sẹ́yìn. Ọ̀gágun kì í sí láàárín àwọn káàdì tí a dojú wọn bolẹ̀. Ìta gbangba ni ó wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá pa á, ẹni tí ó ni í lè tún un pè, ṣùgbọ́n iye tí yóò fi pè é yóò máa fi méjì lé sí i nígbàkigbà tí ó bá tún un pè.

Nítorí pé ìta gbangba ni ọ̀gágun wà, òun ni ojú kọ́kọ́ ń rí, òun náà sì ni àwọn ènìyàn ń tò sí ipò. Àwọn atayò a máa ṣe àtẹ: àwọn ọ̀gágun kan wà lókè téńté, àwọn kan wà láàárín, àwọn kan sì wà nísàlẹ̀. Ẹni tí ó bá rí irú àtẹ bẹ́ẹ̀ lè rò pé òun ti mọ alágbára. Ṣùgbọ́n kí ni àtẹ náà ń wọ̀n gan-an? Ṣé agbára káàdì kan ṣoṣo ni, tàbí ti 99 tí ó tẹ̀lé e, tàbí ti ọwọ́ tí ó ń ta á?

Ọ̀gágun kan jáde ní ọdún 2020, Kinnan, Bonder Prodigy ni orúkọ rẹ̀. Àwọn tí ó ń díje kà á mọ́ àwọn alágbára. Nínú ayò yìí, mana ni orúkọ agbára tí a fi ń pe káàdì wá sójú ìjà. Iṣẹ́ Kinnan ni pé nígbàkigbà tí ẹni tí ó ni í bá fa mana jáde lára ohun tí kì í ṣe ilẹ̀, yóò fi ọ̀kan kún un. Iṣẹ́ ńlá ni èyí. Síbẹ̀, bí ó bá jẹ́ pé ilẹ̀ nìkan ni ó ń mú mana wá nínú ìdì káàdì ẹnì kan, àfikún náà di asán, Kinnan a sì dà bí alágbàṣe tí a kò fún lọ́kọ́. Àìkówọ̀ọ́rìn ejò ni ó ń jẹ ọmọ ejò níyà. Nígbà tí àtẹ bá gbé Kinnan sókè, ogun tí àwọn ọlọgbọ́n ti tò sẹ́yìn rẹ̀ ni àtẹ náà ń yìn.

Tymna the Weaver, tí ó jáde ní ọdún 2016, fi ohun mìíràn hàn. Bí ẹni tí ó ni í bá ti ṣe àwọn alátakò léṣe nínú ìjà, ó lè fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ra káàdì. Iye alátakò tí ó ṣe léṣe ni iye káàdì tí ó lè rà. Níbi tí ènìyàn mẹ́rin ti ń ta, ó lè rí mẹ́ta gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Níbi tí méjì ti ń ta, kò lè ju ẹyọ kan lọ. Ọ̀rọ̀ Lutri, the Spellchaser tilẹ̀ yani lẹ́nu ju èyí lọ. Ní ọdún 2020, wọ́n fi òfin dè é nínú Commander kí ó tó jáde rárá. Àǹfààní kan wà tí Lutri ń fún ẹni tí káàdì rẹ̀ kò jọra wọn. Nínú àwọn ẹ̀yà ayò yòókù, ènìyàn ní láti fi nǹkan du ara rẹ̀ kí ó tó lè rí àǹfààní náà gbà. Nínú Commander, níbi tí òfin ti ní kí káàdì má ṣe jọra, gbogbo ẹni tí ó ń lo àwọ̀ pupa àti àwọ̀ búlúù ni ìbá gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Káàdì kan náà ni, ọ̀rọ̀ kan náà ni ó wà lára rẹ̀; àwùjọ tí ó bọ́ sí ni ó sọ ọ́ di òmìrán.

Iye ènìyàn tí ó jókòó tún ń yí ìtumọ̀ ìborí padà. Bí agbára àwọn mẹ́rin bá dọ́gba, tí ayò kò sì já sí ọ̀mì, ìgbà 25 nínú 100 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò borí. Ọ̀gágun tí ó bá borí ní ìgbà 30 ti ta ẹgbẹ́ rẹ̀ yọ, bẹ́ẹ̀ ìgbà 70 ni kò fi borí. Èyí tí ó ṣòroó wọ̀n jù ni ohun tí òkìkí ń fà. Bí ọ̀gágun kan bá ti wà lókè àtẹ, àwọn mẹ́ta yòókù yóò kọjú ìjà sí i kí ó tó gbérí. Àtẹ tí ó sọ pé ó lágbára ti di ọ̀kan nínú àwọn ohun tí ó ń dín agbára rẹ̀ kù.

Ṣé kí a wá sọ pé títo ọ̀gágun sí ipò kò wúlò? Rárá o. Ìka kò dọ́gba. Bí a bá ka èsì ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìdíje pọ̀, a ó rí i pé àwọn ọ̀gágun kan ń borí léraléra ní ọwọ́ onírúurú ènìyàn, àwọn mìíràn kì í sì í borí bí ó ti wù kí ọwọ́ tí ó ń ta wọ́n já fáfá tó. Ẹni tí ó bá ní gbogbo wọn dọ́gba ń tan ara rẹ̀ jẹ. Ohun tí àtẹ kò lè ṣe ni kí ó dípò ọ̀rọ̀ ẹnu ènìyàn. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ìṣirò, tí ó sì di ti ìwà.

Kí ayò tó bẹ̀rẹ̀, àwọn tí ó jókòó a máa bi ara wọn léèrè bí ìdì káàdì wọn ti lágbára tó, kí alágbára lè bá alágbára ta, kí ẹni tí ó ń ta fún ìgbádùn lásán sì rí ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ń fi 1 dé 10 dáhùn. Ó di ẹ̀fẹ̀ láàárín wọn pé 7 ni ìdáhùn gbogbo ènìyàn. Ẹni tí káàdì rẹ̀ kò tó nǹkan sọ pé 7 kí ojú má baà tì í. Ẹni tí káàdì rẹ̀ lè pa gbogbo wọn kí ilẹ̀ tó mọ́ sọ pé 7 kí wọ́n má baà sá fún un. Nọ́ńbà tí gbogbo ènìyàn ń pè kò sọ nǹkan kan mọ́.

Ní oṣù September 2024, ìgbìmọ̀ olùyọ̀ǹda-ara-ẹni tí ó ń ṣòfin Commander fi òfin de káàdì mẹ́rin, tí àwọn kan nínú wọn gbówó lórí gidigidi. Ìbínú àwọn ènìyàn pọ̀ débi pé wọ́n ń halẹ̀ mọ́ àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ náà. Kí oṣù náà tó parí, ìgbìmọ̀ náà gbé àkóso fún Wizards of the Coast. Ní oṣù February 2025, ilé-iṣẹ́ náà gbé ìsọ̀rí márùn-ún jáde fún ìdánwò, ó sì ka àwọn káàdì kan sọ́tọ̀ tí wíwà wọn lè yí ayò padà. Ìsọ̀rí kìíní àti ìkejì kò gbọdọ̀ ní ọ̀kankan nínú wọn. Ìkẹta kò gbọdọ̀ ní ju mẹ́ta lọ. Ìkẹrin àti ìkarùn-ún lè ní iye tí ó bá wù wọ́n. Nínú ètò àkọ́kọ́ yẹn, òfin kíkó káàdì jọ fún ìkẹrin àti ìkarùn-ún kò yàtọ̀ rárá. Èrò ọkàn ni ó yà wọ́n: ẹni tí ó wà ní ìkarùn-ún ti pinnu pé ìdíje ni òun wá ṣe, ó sì ti kẹ́kọ̀ọ́ ohun tí àwọn abánidíje rẹ̀ yóò kó wá. Àwọn tí ó ṣe òṣùwọ̀n náà ti fi èyí gbà pé ibì kan wà tí òṣùwọ̀n ń dé tí yóò dúró, tí a ó sì ní láti bi ènìyàn léèrè ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀.

Ẹnì kan lè jiyàn pé ogun ni ogun ń jẹ́, pé kò sí ọ̀gágun tí í sọ iye ọfà tí ó wà nínú apó rẹ̀ fún ọ̀tá. Àríyànjiyàn náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Nínú ogun, a kì í bẹ ọ̀tá kí ó wá jókòó. Nídìí ayò, ìfẹ́ inú ni ó mú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá. Bí ẹnì kan bá dìde, ayò ti tú. Àṣírí káàdì tí ó wà lọ́wọ́ jẹ́ ti ìjà, gbogbo wọn ni ó sì ti fọwọ́ sí i. Irú ìjà tí a fẹ́ jà jẹ́ ti àdéhùn, ẹni tí ó bá sì fi irọ́ gba àdéhùn lọ́wọ́ ọmọnìkejì rẹ̀ ti ja ènìyàn mẹ́ta lólè àkókò wọn. Ó lè borí, ṣùgbọ́n kò tíì di ọ̀ta, nítorí ọ̀pẹ̀ tí ó fi ẹ̀tàn mú jókòó kò lè jẹ́rìí sí agbára ẹnikẹ́ni.

Ó yẹ kí a ya àṣìṣe kúrò lára ẹ̀tàn. Ẹni tí ó ṣi ìdì káàdì ara rẹ̀ wọ̀n kò jẹ̀bi. Bí ayò bá parí, tí ó sì rí i pé agbára òun pọ̀ jù, ó lè mú òmíràn. Ẹni tí ó gbé ọ̀gágun tí ó wà lókè téńté wá sáàárín àwọn tí ó gbà láti bá a díje kò jẹ̀bi pẹ̀lú. Agbára kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kò tọ́ kí ẹni tí a ṣẹ́gun máa pe gbogbo ìṣẹ́gun ní ìrẹ́jẹ. Ẹni tí ó gbà láti jà ti gbà pé wọ́n lè dá òun.

Ẹ̀kọ́ yìí kan ilé-ẹ̀kọ́ náà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ṣe ipò kìíní láàárín ọgbọ̀n lè bọ́ sí kíláàsì mìíràn kí ó ṣe ipò kẹwàá, láìjẹ́ pé ọgbọ́n orí rẹ̀ yí padà. Ibi tí ó dúró sí láàárín àwọn tí ó bá ṣe ìdánwò ni ipò ń sọ. Kò sọ ohun tí ó lè dà lọ́la. Síbẹ̀, nǹkan kan wà tí ipò kò lè fara mọ́, èyíinì ni ìjíwèéwò. Ẹni tí ó jí ìwé wò ti purọ́ nípa agbára rẹ̀, bí ẹni tí ó ń pe ìsọ̀rí karùn-ún ní ìkejì ti purọ́. Ọ̀kan fi irọ́ gbé ara rẹ̀ ga, èkejì fi irọ́ rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀, àwọn méjèèjì sì ba òṣùwọ̀n jẹ́ fún àwọn tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

Nítorí náà, kí àwọn tí ó fẹ́ máa to ọ̀gágun sí ipò máa tò wọ́n, kí wọ́n sì máa tún àtẹ náà ṣe bí káàdì tuntun bá ti ń jáde. Yóò ràn ènìyàn lọ́wọ́ láti mọ ohun tí ó gbé dání. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá jókòó, tí àwọn mẹ́ta sì ń wo ẹnu rẹ̀, ìdáhùn tí ó bá fún wọn ni wọn yóò fi mọ̀ bóyá ó yẹ ní ẹni tí à ń bá ta ayò.