Owó Tí Kò Ra Nǹkan Rí

Ní oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 2020, ilé-iṣẹ́ Royal Mint tó ń rọ owó Bìrìtéènì kéde pé ẹnì kan tí wọn kò dárúkọ ti san mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn fún owó wúrà kan ṣoṣo. Sovereign tí wọ́n kọ ọdún 1937 sí lára ni, orí Ọba Edward Kẹjọ ló wà lára rẹ̀. Àpẹẹrẹ ni wọ́n rọ, kí wọ́n tó wá rọ èyí tí wọ́n máa gbé jáde. Èyí tí wọ́n máa gbé jáde kò wáyé mọ́: ní oṣù Ọ̀pẹ 1936, Edward gbé adé sílẹ̀ kí ó lè fẹ́ Wallis Simpson.

Ẹ wo ojú owó náà. Àṣà Bìrìtéènì ni pé bí ọba kan bá kọjú sí òsì, èyí tó jẹ tẹ̀ lé e á kọjú sí ọ̀tún. Òsì ni George Karùn-ún, bàbá Edward, kọjú sí. Ọmọ ní òsì náà lòun fẹ́, kí ibi tí òun ti ya irun lè hàn.

Kí wá ni olówó yìí rà? Aristotle, amòye Gíríìkì ayé àtijọ́, ní bàtà ní ìlò méjì: à ń wọ̀ ọ́, a sì lè fi ṣe pàṣípààrọ̀. Pàṣípààrọ̀ nìkan ni iṣẹ́ owó, owó yìí kò sì ṣe é rí.

Lórí wúrà tí a kò ná bẹ́ẹ̀, Al-Kùránì, nínú Súúrà kẹsàn-án, kìlọ̀ gidigidi fún àwọn tó ń kó wúrà jọ tí wọn kì í ná an sójú ọ̀nà Ọlọ́run. Síbẹ̀, gíráàmù 85 ni wúrà gbọ́dọ̀ tó kí sàká tó wọ̀ ọ́. Ògidì wúrà inú sovereign kò ju nǹkan bíi gíráàmù 7.3 lọ. Ẹni tí kò ní wúrà tàbí owó mìíràn kò ní yọ sàká lórí rẹ̀, bó tilẹ̀ ná an ní mílíọ̀nù. Ṣùgbọ́n bó bá rà á láti tà á jèrè, ọjà ló rà, iye tó ń lọ lọ́jà ni sàká á wọ̀. Owó kan náà, àníyàn ló yí ẹjọ́ padà. Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí olùrà ti bẹ̀rẹ̀, kó tó dé orí iye owó. Ẹni tí kò jẹ gbèsè, tí ará ilé rẹ̀ jẹun yó, tó sì máa jẹ́ kí àwọn onímọ̀ rí i, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn rẹ̀. Ẹni tó rà á kí ojú kankan má baà rí i mọ́, ìwé Mátíù orí 25 ti sọ bí ó ti rí fún ìránṣẹ́ tó ri tálẹ́ńtì mọ́lẹ̀.

Àwọn baba wa kúkú ti ná orúkọ Ọba Edward yìí. Kọ́bọ̀ oníhò tí wọ́n ń ná ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kò ní àwòrán ọba, orúkọ nìkan ni, nítorí náà ti ọdún 1936 jáde pẹ̀lú EDWARDVS VIII lára rẹ̀. Ó ra ẹ̀kọ, ó ra ata. Owó pọ́ọ́kú ni wọ́n ń tà á lónìí, torí ó pọ̀. Ẹni tí àpótí ìyá àgbà bá ṣì wà nílé rẹ̀, kó yẹ̀ ẹ́ wò kó tó pe àwọn tó ń ra irin àlòkù kiri.