Ọ̀rọ̀ Tó Yẹ Kó Ṣáájú

Ẹ̀yin tí kọ̀ǹpútà wà nínú ọkọ̀ yín, ẹ lè má mọ ohun tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní táímìn. Kọ̀ǹpútà ló ń bá yín ṣe é, ẹ kì í tilẹ̀ gbúròó rẹ̀. Ṣùgbọ́n lára Volkswagen àtijọ́ tí gbogbo wa mọ̀ sí Ìjàpá, ọwọ́ èèyàn ló ń ṣe é. Ibẹ̀ ni mo ti pàdé ìbéèrè kan tí kò tíì fi mí sílẹ̀: bí ẹnì kan bá ní kí o ṣe nǹkan fún òun, tí o sì mọ̀ pé nǹkan ọ̀hún yóò pa á lára lọ́la bó tilẹ̀ dùn mọ́ ọn lónìí, tí o bá ṣe é, ṣé oore lo ṣe é ni, àbí o rẹ́ ẹ jẹ?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo iṣẹ́ náà. Nínú ẹ́ńjìnì, písítìnì ń lọ, ó ń bọ̀. Ti Ìjàpá dùbúlẹ̀ ni, ṣùgbọ́n a ṣì ń pe ìpẹ̀kun ọ̀nà rẹ̀ ní òkè. Bó ṣe ń gòkè ló ń fún epo àti afẹ́fẹ́ pọ̀. Plọ́ọ̀gì á wá ṣáná sí i, iná á ti písítìnì padà, ọkọ̀ á rìn. Ẹ lè rò pé ìgbà tí písítìnì bá dé òkè téńté ló yẹ kí plọ́ọ̀gì ṣáná. Rárá o. Iná kì í ràn lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń gba àkókò, bó ti wù kó kéré tó. Nítorí náà, iná gbọ́dọ̀ ṣáájú. Fún irú Ìjàpá tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, digírì 7.5 kí písítìnì tó dé òkè ni.

Mo fi ọdún kan kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì n'Ìbàdàn kí n tó wọ yunifásítì. Gílóòbù kékeré kan àti wáyà méjì ni ọ̀gá mi fi kọ́ mi ní táímìn. Wàá kọ́kọ́ rí i pé àlàfo kọ́ńtáàtì jẹ́ mílímítà 0.4. Wàá yí púlì títí àmì ara rẹ̀ yóò fi bá ojú ibi tí ara ẹ́ńjìnì ti pàdé mu, tí rótọ̀ á sì kọjú sí ti plọ́ọ̀gì kìn-ín-ní. Wàá tú nọ́ọ̀tì ìdí dísíbútọ̀, wàá so wáyà kan mọ́ kọ́ìlì, wàá fi èkejì kan irin ọkọ̀, wàá wá yí kọ́kọ́rọ́ láì jẹ́ kí ẹ́ńjìnì ṣiṣẹ́. Wàá wá máa rọra yí dísíbútọ̀. Ibi tí gílóòbù bá ti tàn gẹ́lẹ́, ibẹ̀ ni. Dè é pa.

Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì kì í ṣe wàhálà yẹn. Etí ni wọ́n ń lò: wọ́n á máa yí dísíbútọ̀ títí ohùn ẹ́ńjìnì á fi dùn létí wọn. Etí wúlò, mi ò bú u. Àmì náà kì í ṣe Ọlọ́run. Wọ́n lè ti pààrọ̀ púlì. Àmọ́ ìṣòro kan wà níbẹ̀: tí iná bá tètè jù díẹ̀, ohùn ẹ́ńjìnì sábà máa ń dùn sí i ni.

Lọ́jọ́ kan tí ọ̀gá ò sí nílé, tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì gbé Ìjàpá rẹ̀ wá, ti ọdún 1968. Ó ní, "Ọmọ mi, bá mi fún un lágbára díẹ̀. Kò fẹ́ gun òkè Mọ́kọ́lá mọ́." Mo yí dísíbútọ̀ kọjá àmì. Bàbá wà á lọ, ó wà á bọ̀, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. "O káre!" Ó fún mi lówó, mo sì gbà á.

Mo mọ ohun tí mo ṣe. Tí iná bá tètè jù, písítìnì ṣì ń bọ̀ lókè ni iná á ti pàdé rẹ̀, àwọn méjèèjì á máa jà. Ooru ìjà yẹn ní láti wá ibì kan gbà. Ìjàpá ò ní omi, afẹ́fẹ́ fáànù ló fi ń tutù, ariwo fáànù ọ̀hún sì lè bo ìró ìjà náà mọ́lẹ̀. Nínú àwọn ti àtijọ́, sílíńdà kẹta ló máa ń gbóná jù, torí ohun tó ń tu òróró ẹ́ńjìnì dúró sójú ọ̀nà afẹ́fẹ́ rẹ̀. Ẹni tí afẹ́fẹ́ ò tó tẹ́lẹ̀ ni ìyà kọ́kọ́ ń dé bá.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n wọ́ ọkọ̀ Bàbá wá. Písítìnì kẹta ti lu. Ẹnu mi wá là. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún wọn látòkèdélẹ̀. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n bi mí pé, "O mọ̀ lọ́jọ́ yẹn?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Wọn ò bínú. Wọ́n kàn ń wò mí. Ọ̀gá mi ló ra písítìnì tuntun.

Fún ìgbà pípẹ́, mo ń gba ara mi sílẹ̀. Ṣebí àwọn ni wọ́n béèrè? Ṣebí ọkọ̀ wọn ni? Àgbà sì ni wọ́n. Ta ni mí tí màá máa kọ́ àgbà? Ṣùgbọ́n ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ìbọ̀wọ̀ fágbà kì í ṣe pé kí o fi ìmọ̀ pa mọ́ fún un. Ní ti pé ọkọ̀ wọn ni, òótọ́ ni. Ká ní mo sọ fún wọn pé, "Sà, á gun òkè o, àmọ́ ó lè ba ẹ́ńjìnì jẹ́," tí wọ́n ṣì ní kí n ṣe é, ọ̀rọ̀ di tiwọn nìyẹn. Ẹni tí kò mọ ohun tó wà lẹ́yìn nǹkan kò tíì yàn án. Kì í ṣe písítìnì nìkan ni mo bà jẹ́. Mo gba yíyàn lọ́wọ́ wọn.

Òótọ́ tí mo wá sọ lẹ́yìn ńkọ́? Iná tó pẹ́ ni. Tí plọ́ọ̀gì bá ṣáná lẹ́yìn tí písítìnì ti ń padà lọ, iná á jó lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní lágbára. Á kàn máa gbóná lásán.

Mi ò ní ká máa já òótọ́ lu èèyàn nígbà gbogbo o. Digírì 7.5 ni, kì í ṣe 40. Àmọ́ ẹ wo bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ lóde òní. Ọ̀rẹ́ rẹ fẹ́ kó owó ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ sínú òwò tí wọ́n ní yóò di ìlọ́po méjì lọ́sẹ̀ méjì. Ó bi ọ́ pé, "Báwo lo ṣe rí i?" O fi àwòrán ẹ̀rín ránṣẹ́. O ní ò ń dúró de àsìkò tó yẹ. Àsìkò tó yẹ kì í ṣe ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá rọrùn láti sọ. Ìgbà tí ẹni náà ṣì lè fi ọ̀rọ̀ ọ̀hún ṣe nǹkan ni. Bí nǹkan bá sì ṣe ń yára tó ló ṣe yẹ kí ọ̀rọ̀ tètè tó: nínú ọ̀pọ̀ dísíbútọ̀, irin kéékèèké méjì kan wà tó jẹ́ pé bí ẹ́ńjìnì ṣe ń sáré sí i ni wọ́n ń mú iná ṣáájú sí i.

Ẹ sọ ọ́ ṣáájú. Tó bá wá ní òun gbọ́, àmọ́ òun á ṣe é, ẹ fi í sílẹ̀, tirẹ̀ ni.